Bí Detroit Ṣe Tan Iná Òpópónà 65,000 Nígbà Tí Gbèsè Ti Mù Ún Dọ́rùn

Ní ọdún 2011, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ya wọ Highland Park, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í hú òpó iná òpópónà. Wọn ò ní tuntun kankan láti rì sójú ibẹ̀. Ìlú náà jẹ ilé-iṣẹ́ iná DTE ní nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là, kò sì rí i san. Wọ́n wá dúnàádúrà: ilé-iṣẹ́ náà yóò fojú fo gbèsè ọ̀hún, ìlú náà yóò sì jẹ́ kí wọ́n kó iná tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lọ. Èyí tó ṣẹ́kù, oríta ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Àwọn aláṣẹ ìlú bẹ àwọn ará ilé pé kí oníkálukú máa tan iná iwájú ilé rẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́. Ìlú tí Henry Ford ti bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò lórí ìlà tó ń rìn ní ọdún 1913, òun ló wá ń yá ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́ gílóòbù ẹnu ọ̀nà.

Detroit ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí Highland Park ká tán, ọ̀nà kan náà ni Detroit fúnra rẹ̀ sì ń tọ̀ lọ. Bí kò ṣe dé ibẹ̀ ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé àìmọ̀kan ni kì í jẹ́ kí ìlú lo iná tí kì í jẹ owó púpọ̀, pé bí wọ́n bá ti lè la àwọn aláṣẹ lóye, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Detroit kò jọ bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Kò sí ẹni tó lè fi orúkọ ìlú yá owó tí wọn yóò fi ṣe é.

Ní ọdún 2013, iná òpópónà Detroit jẹ́ nǹkan bí 88,000. Nínú mẹ́wàá, mẹ́rin kò tàn. Ìlú náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé tó gbé síwájú àwọn tó jẹ lówó ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn, ìwé kan náà tó sọ pé bí èèyàn bá pe ọlọ́pàá, yóò dúró tó ìṣẹ́jú 58 kí wọ́n tó dé. Ẹ so ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn pọ̀, kí ẹ wá fi ojú inú wo òwúrọ̀ oṣù Kínní níbẹ̀. Oòrùn kì í yọ títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ. Ọmọ ilé-ìwé ti gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà ṣáájú ìgbà náà, lórí yìnyín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni ò gbé mọ́, lábẹ́ òpó tí kò mú nǹkan kan wá.

Ìlú yìí ti fi iná yangàn rí. Hazen Pingree, tó jẹ́ méyọ̀ láàárín ọdún 1890 sí 1897, bá àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó ń tan iná òpópónà jà nítorí owó gọbọi tí wọ́n ń gbà, nígbà tó sì di 1895, ìlú dá ẹ̀ka iná tirẹ̀ sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Detroit ló ń tan títì rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì ń fún ilé-ìwé àti ilé ìjọba ní iná. Nígbà tó yá, ó ní ibùdó amúnáwá tirẹ̀ tó ń jẹ́ Mistersky. Ní 1950, àwọn tó ń gbé Detroit lé ní mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800. Ètò ìkànìyàn ọdún 2010 bá 713,777 níbẹ̀. Èèyàn ń kó lọ, títì ò bá wọn kó lọ. Òpó tí ilé mẹ́wàá ń san owó-orí fún tẹ́lẹ̀ di èyí tí ilé méjì ń san owó-orí fún, gígùn títì náà ò sì fi ẹsẹ̀ bàtà kan dínkù.

Mo fẹ́ kí ẹ wo wáyà iná ọ̀hún dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyọnu sápamọ́ sí. Púpọ̀ nínú iná Detroit ni wọ́n so pọ̀ ní ìlànà àtijọ́, níbi tí iná ti ń gba inú gílóòbù kan kọjá kó tó dé èkejì, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan ṣoṣo. Bí okùn bá já níbì kan, gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ló dà sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó gòkè lọ pààrọ̀ gílóòbù kan lè sọ̀ kalẹ̀ kó rí i pé títì náà ṣì ṣókùnkùn látòkè délẹ̀, nítorí pé ibi tó já gan-an wà lábẹ́ ilẹ̀ ní iwájú ilé kẹwàá. Bàbà ni wọ́n fi ṣe wáyà yẹn, àwọn onírin àlòkù sì ń ra bàbà lówó gidi. Olè á wá lóru, á ṣí ìdérí ẹsẹ̀ òpó, á fa wáyà jáde bí ẹni ń fa ìfun ẹran, á gé e, á ká a, ó di ọjà. Ibi tó bá ṣókùnkùn ni iṣẹ́ yìí rọrùn jù fún olè, bó bá sì ti ṣe é tán, òkùnkùn ti gbòòrò sí i fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣé àwọn aláṣẹ ò mọ̀ pé LED wà ni, gílóòbù ìgbàlódé tí kì í jẹ iná púpọ̀? Wọ́n mọ̀. Ann Arbor, tí kò tó wákàtí kan sí Detroit bí mọ́tò bá ń sáré, ti kéde ní 2007 pé gbogbo iná àárín ìlú òun ni òun yóò sọ di LED. Los Angeles bẹ̀rẹ̀ ní 2009, iná bí 140,000 ni wọ́n gbé sójú iṣẹ́, wọ́n sì ṣètò rẹ̀ pé owó iná tó bá dínkù ni yóò máa san owó tí wọ́n yá. Bí ìṣirò ìlú tí ara rẹ̀ dá ṣe rí nìyẹn: bílì á wálẹ̀, ohun tó wálẹ̀ náà á di sísan gbèsè, nígbà tó bá yá, èrè á kù sí ìlú lọ́wọ́.

Ìṣirò yẹn kò bá ti Detroit mu, ìdí rẹ̀ sì dùn mí nígbà tó yé mi. Iná tó ti kú kì í jẹ owó. Bí mẹ́rin nínú iná mẹ́wàá bá ti kú, bílì ìlú ti wálẹ̀ ná, òfò ló sì gbé e wálẹ̀. Bí wọ́n bá wá fi LED sí ojú òkú gílóòbù, tuntun yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí òkú ò jẹ. Lójú ẹni tó bá ń fi iye iná tí a dín kù díwọ̀n iṣẹ́ rere, ìlú tó ti bàjẹ́ jù lọ ló máa dà bí ẹni tí èrè rẹ̀ kéré jù. Báyìí ni owó tí wọ́n ní fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, èyí tó ń wá ibi tí iná tí a ń lò yóò ti dínkù, ṣe lè máa tọ ìlú tó ti rí jẹ tẹ́lẹ̀ lọ, kí ìlú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń rìn lókùnkùn máa wò. Mo gbà pé ọ̀nà ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ kò dára, mo sì máa ń sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti gbé e síwájú mi. Ohun tó yẹ ká fi díwọ̀n ni iye iná tí títì tó tàn dáadáa ń jẹ, kí a tó fi wé òmíràn.

Ìdènà mìíràn tún wà tó ń bá ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà fínra: iná òpópónà kì í sábà ní mítà. Ilé-iṣẹ́ iná ló máa ń dá iye kan lé gílóòbù kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù. Bí àjọ tó ń ṣàkóso owó iná kò bá tíì fọwọ́ sí iye tuntun fún LED, ìlú lè náwó pààrọ̀ gbogbo gílóòbù rẹ̀ kí bílì sì dúró síbi tó wà.

Ní ọdún 2012, Dave Bing tó jẹ́ méyọ̀ nígbà náà gbé ètò kan jáde. Kí wọ́n yá mílíọ̀nù 160 dọ́là, kí iná ìlú dínkù sí 46,000, kí wọ́n sì kó wọn lọ sí àdúgbò tí èèyàn ṣì pọ̀ sí. Ó yé mi pé owó ló ń lé wọn. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò tó ló máa ń pinnu ibi tí òun yóò bò. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ìyá àgbà tó kọ̀ tí kò fi ilé tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́ sílẹ̀, tí gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ti kó lọ, tó ṣì ń san owó-orí. Òun gan-an ni irú ètò bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ìtọ́jú ìlú, bó ti wù kí iná tó dínkù pọ̀ tó.

Ètò Bing kò lọ bẹ́ẹ̀, torí pé gbígbà láti yá owó yàtọ̀ sí rírí ẹni tó máa yáni. Oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ìjọba ìpínlẹ̀ Michigan ṣe òfin tó fàyè sílẹ̀ fún àjọ kan tó dá dúró gedegbe sí ìjọba ìlú, iṣẹ́ iná òpópónà nìkan ló sì wà lọ́rùn rẹ̀. Public Lighting Authority ni wọ́n pè é. Gbèsè ìlú kò wà lórí rẹ̀. Ó lè yá owó lórúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ gbèsè rí nínú wa mọ ọgbọ́n yìí: owó oúnjẹ àwọn ọmọ ni a ó kọ́kọ́ yọ, a ó fi pamọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kí òṣómàáló tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà má bàa kó o mọ́ tirẹ̀.

Owó wo ni yóò wá máa wọ inú àpò tuntun yìí? Àwọn ará Detroit ń san owó-orí kan lórí iná, gáàsì àti tẹlifóònù tí wọ́n ń lò. Ọdọọdún ni wọ́n ní kí mílíọ̀nù 12.5 dọ́là máa jáde nínú rẹ̀ fún iná òpópónà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òfin ti dè owó-orí yẹn mọ́ ọlọ́pàá, wọ́n sì ní láti tún òfin náà ṣe kó tó lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìlú tí ọlọ́pàá rẹ̀ ń pẹ́ tó wákàtí kan kó tó dé ló ń yọ owó kúrò lápá ọlọ́pàá láti fi tan iná. Mo ti rí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ ojú ọjọ́ ní ìlú ńlá bí ẹni pé kò sí ẹlòmíràn tó ń du owó náà. Ó wà. Ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó sì ní ẹjọ́ tó dára láti rò.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 2013, Detroit wọ ilé-ẹjọ́ lọ kéde pé òun ti wọko gbèsè. Gbèsè ọ̀hún tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là, kò sì sí ìlú kankan ní Amẹ́ríkà tí tirẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà náà, gbogbo kọ́bọ̀ tó bá fẹ́ jáde ní àpò ìlú, àwọn tó jẹ lówó ń ṣọ́ ọ. Bí adájọ́ bá ní kí owó iná náà wọ inú agbada kan náà pẹ̀lú gbèsè yòókù, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, Adájọ́ Steven Rhodes fọwọ́ sí i pé kí owó-orí náà máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn tí wọ́n bá yá àjọ iná lówó. Ọdún 2014 ni wọ́n ta bọ́ǹdì, ìyẹn ìwé gbèsè tí àwọn olówó ń rà tí wọ́n sì ń gba èlé lórí rẹ̀, owó tó sì wọlé jẹ́ mílíọ̀nù 185 dọ́là. Sísan rẹ̀ yóò lọ títí di 2044. Ìlú ò kúrò níbi tó wà, títì ò yí padà, àwọn ará ìlú tó ń san owó-orí ò yí padà. Apá àpò tí owó wà nìkan ló yí padà, àwọn tó ń sá fún Detroit sì yá a lówó.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti dán an wò ní àdúgbò méjì, ọ̀kan ní ìlà oòrùn, ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn, kí iṣẹ́ ńlá tó gbéra ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014, lẹ́yìn tí Mike Duggan di méyọ̀. Àríyànjiyàn kan wà nípa gílóòbù. Irú èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí gbogbo ìlú ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò wọ́n, wọ́n sì ti kọ́kọ́ rò ó fún àwọn àdúgbò. LED ti gòkè owó tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ń já wálẹ̀ bí ọdún ti ń yípo. Ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó agbára iná rán àwọn onímọ̀ wá tí wọ́n bá wọn ṣe ìṣirò náà, wọ́n sì gbà pé kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ LED. Ó wú mi lórí pé ìdádúró tí gbèsè dá wọn dúró ló jẹ́ kí wọ́n bá iye tó rẹlẹ̀ pàdé. Ẹni tó ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún mẹ́rin ṣáájú san jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wáyà bàbà kúrò níbẹ̀, wáyà alumíníọ̀mù ló rọ́pò rẹ̀. Kò sí onírin àlòkù tó máa fún olè ní owó tó tó ewu tó kó síra rẹ̀ nítorí alumíníọ̀mù. Òpó kọ̀ọ̀kan gba ojú tirẹ̀ tó ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kó lè tàn fúnra rẹ̀, kó sì kú fúnra rẹ̀ láì pa aládùúgbò rẹ̀ mọ́ ọn. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ parí iṣẹ́. Nípa ibi tí wọn yóò rì wọ́n sí, ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé ṣe kedere: iná kan ní oríta kọ̀ọ̀kan, bí títì tó wà láàárín oríta méjì bá sì gùn ju 300 ẹsẹ̀ bàtà lọ, òmíràn ní àárín. Gbogbo àdúgbò ló jẹ nínú rẹ̀, títí kan èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Èyí ni mo fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Láti 88,000 wọ́n bọ́ sí 65,000, ìyẹn ju 46,000 ti Bing lọ dáadáa.

Kò dùn mọ́ gbogbo èèyàn. Ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tó wà láàárín ilé, tó ní iná tirẹ̀ láyé àtijọ́, kò rí iná gbà mọ́. Ẹni tó ti ní òpó mẹ́ta nítòsí ilé rẹ̀ rí i pé ó ku ẹyọ kan. Ó lè jẹ́ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí ẹyọ kan yìí sì mọ́lẹ̀ jù wọ́n lọ, ṣùgbọ́n òpó tí a hú máa ń dun èèyàn ju gílóòbù tó kú lọ. Ó yẹ kí wọ́n ti rìn dé ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn náà kí ọkọ̀ tó dé.

Ní oṣù Kejìlá 2016, wọ́n tan èyí tó kẹ́yìn. Iná 65,000, láàárín ọdún mẹ́ta, ní ìlú tó wà ní ilé-ẹjọ́ fún gbèsè nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Nígbà kan náà, Highland Park kò rí òfin tó ṣí irú àpò bẹ́ẹ̀ fún un. Mílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là ni gbèsè tó kó iná rẹ̀ lọ, tí a bá fi wé bílíọ̀nù 18 Detroit, ẹ̀kúnwọ́ iyanrìn ni. Ìlú kékeré tó jẹ díẹ̀ ló pàdánù òpó. Àwọn ará ibẹ̀ dá ẹgbẹ́ Soulardarity sílẹ̀, wọ́n sì rì òpó àkọ́kọ́ tó ń lo agbára oòrùn ní oṣù Kọkànlá 2012. Wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà, òpó tiwọn fúnra wọn, tí ilé-iṣẹ́ kankan ò lè wá hú nítorí bílì. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú ò lè fi owó tí wọ́n dá jọ rọ́pò ẹgbẹ̀rún iná, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni retí pé kí wọ́n ṣe é.

Ọ̀rọ̀ Detroit ò sì tíì tán ní 2016. Nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pè pé iná àdúgbò wọn ti ń ṣú bàìbàì, àwọn mìíràn ti kú. Nígbà tí àjọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, LED tí wọ́n rà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ni, wọ́n sì tó nǹkan bí 20,000. Gílóòbù tí a retí pé yóò lò tó ọdún mẹ́wàá ti ń jóná nínú. Ní 2019, àjọ iná gbé ẹni tó ṣe wọ́n lọ sí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá mílíọ̀nù tuntun láti fi pààrọ̀ wọn. Wọ́n ti ṣètò owó tí wọn yóò fi kọ́ ọ, wọ́n ti ṣètò owó tí wọn yóò fi san gbèsè, ẹyọ gílóòbù kékeré kan sì wá rí àlàfo tó ṣẹ́kù. Ọkọ̀ alápá gígùn tún padà sí títì tó ti ṣiṣẹ́ ní 2014, òṣìṣẹ́ tún gòkè lọ sídìí òpó kan náà, bọ́ǹdì tí wọ́n fi rà á sì ṣì ku ọdún 25.